Ọkọ̀ Tí Wọ́n Sun Kí Ẹ̀rí Má Bàa Kù: Ìtàn Clotilda àti Ohun Tó Fi Kàn Wá

  

Ìtàn tí a mú wá síwájú yín nínú ìwé ọdún yìí jẹ́ ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ odò ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn lè béèrè pé: kí ló kan ará Agbonou pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi? Àgbẹ̀ ni wá, ará òkè ni wá. Odò Mono ni àwọn bàbá wa mọ̀, wọn kò mọ òkun. Láti ọ̀dọ̀ wa dé etíkun Lomé ju 150 kìlómítà lọ, kó tó sì di pé ojú irin àwọn Jámánì dé ìhín ní 1911, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà náà.

Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Kì í ṣe kìkì àwọn tó ń gbé etí òkun ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ará òkè ló pọ̀ jù: àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ń gbin iṣu àti ẹ̀wà bíi tiwa, tí wọn kò rí òkun rí títí di ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n dé etí rẹ̀. Etíkun ni ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde, ṣùgbọ́n ilé wọn wà lókè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn bá rì sábẹ́ omi láti wá àwókù ọkọ̀ ẹrú, ìtàn ilé wa ni wọ́n ń wá, yálà wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Nígbà tí ogun ń ti Abomey bọ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láàárín 1818 sí 1858, Ọba Ghezo ló wà lórí oyè ní Dahomey. Ọmọ rẹ̀, Glèlè, ló gun orí oyè lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1889. Ní ọdọọdún, bí òjò bá ti dá tí ilẹ̀ gbẹ, àwọn ọmọ ogun Abomey a jáde. Àwọn ìlú tó ń sọ èdè Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń dojú kọ. Wọ́n gbógun lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, apá wọn kò ká a. Wọ́n pa Kétu run ní 1886. Àwọn Ìdáàṣà, àwọn Ṣábẹ àti àwọn Ìṣà tó múlé tì wá ní ìhà ìlà-oòrùn kò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Atakpamé náà kò bọ́. Ọ̀gágun ojú omi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes, lọ sí Abomey ní 1849 àti 1850. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1851, ó sọ nípa ogun tí Dahomey gbé wá sí ìlú kan tó pè ní Attahpahm. Ẹ̀yin náà ti mọ ìlú náà. Ó sọ bí àwọn ọkùnrin díẹ̀ ṣe dúró gbógun ti àwọn ọ̀tá nígbà tí àwọn ará ìlú yòókù ń sá lọ, ó sì sọ nípa àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ibẹ̀. Èyí bá ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ mu: òkè wọ̀nyí tó yí wa ká kì í ṣe ohun ẹwà lásán, ibi ìsádi ni wọ́n jẹ́.

Àwọn tí wọ́n bá mú, díẹ̀ nínú wọn ń dúró sí Abomey, wọ́n sì ń ta àwọn yòókù sí Ouidah. Ní etíkun tiwa níhìn-ín pẹ̀lú, òwò náà kò tètè parí. Ní Agbodrafo, tí àwọn Potogí ń pè ní Porto Seguro, ilé kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1835, nígbà tí òfin ti ka òwò ẹrú lórí òkun léèwọ̀. Orúkọ oníṣòwò òyìnbó kan tó ń jẹ́ Wood ni wọ́n fi ń pe ilé náà títí di òní. Lábẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ènìyàn pamọ́ sí, níbi tí àgbàlagbà kò lè nàró dúró. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ rí kì í béèrè mọ́ bóyá ìtàn yìí jẹ́ àlọ́.

Ìrìn àjò 1860

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti fòpin sí kíkó ẹrú wọ̀lú láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1808. Láti 1820, ẹni tí wọ́n bá mú nídìí rẹ̀, ikú ni ìjìyà rẹ̀ nínú ìwé òfin. Síbẹ̀, ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Timothy Meaher bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀lú lójú àwọn aláṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí òun mú. Ó háyà ọ̀gá atukọ̀ kan, William Foster, ẹni tó fúnra rẹ̀ kan ọkọ̀ onígbòkun kan ní 1855. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Clotilda.

Foster kúrò ní Mobile ní oṣù kẹta 1860 pẹ̀lú wúrà tó tó 9,000 dọ́là nínú ọkọ̀. Ó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní oṣù karùn-ún. Níbẹ̀ ló ti ra àwọn tí ogun Glèlè ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Àwọn bí 110 ló gbé wọ ọkọ̀: ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Ibi tí ó kó wọn sí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 23 lọ ní fífẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì pé ẹsẹ̀ bàtà 7. Ọjọ́ 13 ni wọ́n lò nínú òkùnkùn náà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n jáde wá rí oòrùn.

Ní oṣù keje 1860, ọkọ̀ náà yọ́ wọ Mobile lóru. Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà sínú ọkọ̀ ojú omi mìíràn, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú igbó ẹ̀bá odò. Lẹ́yìn náà, Foster fa Clotilda gòkè odò Mobile, ó ti iná bọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kó rì. Ìdí rẹ̀ kò farasin: bí wọ́n bá rí ọkọ̀ náà, wọ́n lè so òun àti Meaher kọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ní 1861, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí, wọ́n sì dá a nù. Ohun tí iná wà fún nìyẹn. Foster fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1890, nígbà tí ọjọ́ ti lọ, pé òun ló sun ọkọ̀ náà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Clotilda ju ogún ọdún lọ.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi òógùn ojú ara wọn rà

Meaher àti àwọn arákùnrin rẹ̀ pín àwọn ènìyàn náà, Foster mú tirẹ̀, wọ́n sì ta àwọn yòókù. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sìn. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ ní oṣù kẹrin 1865, àwọn ọmọ ogun Àríwá ló sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira.

Ilé ni ọkàn wọn kọ́kọ́ fà sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó láti fi padà wálé, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ilé ìlagi kò lè gbé wọn kọjá òkun. Wọ́n rán ẹnì kan nínú wọn sí Meaher pé, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé òun ló mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, kí ó fún wọn nílẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀. Nígbà náà ni wọ́n fi owó tí wọ́n tọ́jú ra ilẹ̀, lára rẹ̀ láti ọwọ́ ìdílé Meaher kan náà. Wọ́n pe ibẹ̀ ní African Town, ìlú àwọn ọmọ Áfíríkà. Africatown ni wọ́n ń pè é báyìí, ó sì wà títí di òní. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní 1872, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn.

Wọ́n yan olórí àti àwọn adájọ́ láàárín ara wọn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí, Gumpa, ará Dahomey ni. Fọ̀n ni. Òun náà bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn tí ọmọ ogun ìlú rẹ̀ kó lẹ́rú. Àwọn tí ogun Dahomey sọ di ẹrú ló fi ọmọ Dahomey joyè. Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dé bá gan-an bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń ka ìtàn lórí ìjókòó kò ní ìdí láti fi ìtàn yìí dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jù nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Ó tó ọmọ ọdún 19 nígbà tí wọ́n mú un. Òpìtàn Sylviane Diouf, nínú ìwé tó kọ ní 2007, tọ́pasẹ̀ rẹ̀ dé agbègbè Bantè, láàárín àwọn Ìṣà, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà kọjá ẹnubodè mọ Bantè. Kò jìnnà sí wa. Ìbátan ni àwọn Ìṣà àti àwa Ifẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, a gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Kossola fẹ́ Abile, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n bí ọmọ mẹ́fà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìlú òyìnbó, ọ̀kan láti ilé. Àkọ́bí wọn, Aleck ni orúkọ òyìnbó rẹ̀. Orúkọ ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní Iyadjemi. Àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó ní láti wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kò nílò ògbufọ̀: Ìyà jẹ mí. Ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ọkùnrin yìí wò rèé, orúkọ tó sì bá a mu rèé.

Ẹlòmíràn ni Matilda McCrear, tó jẹ́ ọmọ ọdún bíi méjì nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ìwádìí Hannah Durkin, tó jáde ní 2020, fi hàn pé òun ló kẹ́yìn nínú àwọn èrò Clotilda tí a mọ̀. Ó kú ní oṣù kìíní 1940. Nígbà tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó rin máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó gbà-máà-bínú fún ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Wọn kò fún un ní nǹkan kan. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni Àbákẹ́. Bí a bá pe orúkọ náà lójú agbo ọdún yìí, ẹni tí yóò jẹ́ wa lóhùn kò ní jẹ́ ẹyọ kan.

Bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ náà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan ní Mobile ń sọ pé irọ́ ni, pé kò sí ọkọ̀ kankan. Àwọn ọmọ Africatown mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí ẹnu àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, oníròyìn kan, Ben Raines, rí àwókù kan nígbà tí omi fà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe òun. Ó tóbi jù. Wọ́n tún wá a síwájú sí i, wọ́n sì rí òmíràn ní tòsí erékùṣù Twelve Mile. Àjọ ìtàn ìpínlẹ̀ Alabama gbé iṣẹ́ náà fún àwọn awalẹ̀pìtàn abẹ́ omi, James Delgado ló ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2019, wọ́n kéde pé Clotilda ni.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Kò sí orúkọ lára àwókù náà. Kò sí aago ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ sí. Omi odò náà dúdú, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹ kí a mọ̀, nítorí ó jọ bí àwọn àgbà ṣe ń wádìí ẹjọ́ ilẹ̀: ẹlẹ́rìí kan kò tó, wọ́n ń to ẹ̀rí lé ẹ̀rí.

Àkọ́kọ́, wọ́n lo ẹ̀rọ tí ń ju ìró sísàlẹ̀ omi, tí ìró náà bá padà, a máa ya àwòrán ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n lo èyí tí ń mọ ibi tí irin wà lábẹ́ ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òmùwẹ̀ wọlé, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ pákó wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì lọ sí inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Wọ́n yẹ ìwé ọkọ̀ tó ju 1,500 lọ wò. Nínú gbogbo ọkọ̀ irú rẹ̀ tí wọ́n kàn ní etíkun náà, ẹyọ kan ló gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 86, tó fẹ̀ ní 23, tí inú rẹ̀ sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 11. Wọ́n yẹ igi rẹ̀ wò: igi páìnì ni pákó ara rẹ̀, igi óákù funfun ni egungun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe sọ. Wọ́n yẹ ìṣó irin rẹ̀ wò, ó bá ti àwọn alágbẹ̀dẹ Alabama ìgbà náà mu. Wọ́n rí ibi tí iná ti jó igi. Nígbà tí gbogbo ẹ̀rí náà pàdé ojú kan, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè jẹ́.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ọkọ̀ náà kò jẹrà tán. Nínú òkun, kòkòrò kan wà tí ń lu igi bí ikán. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò pọ̀ nínú omi odò náà, ẹrẹ̀ sì bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ débi tí atẹ́gùn kò fi lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà, àti yàrá abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa sí. Foster lérò pé ẹrẹ̀ yóò pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹrẹ̀ náà ló wá bá wa tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gbé e jáde sí atẹ́gùn, ó lè fọ́ yángá.

Àwọn ará Africatown sunkún lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ní oṣù keje 2023, wọ́n ṣí ilé ìtàn kan síbẹ̀, tí wọ́n fi díẹ̀ lára àwọn ohun tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ náà hàn.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn, àti ohun tí wọ́n kọ́ wa

Àwọn tí wọ́n kó gba ojú òkun Àtìláńtíkì láti ilẹ̀ Áfíríkà lé ní mílíọ̀nù 12 láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló rì, díẹ̀ péré ni a ti rí.

Ọ̀kan tó kan etíkun wa ni Whydah, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Ouidah pè. Ọkọ̀ ẹrú ni. Àwọn olè ojú omi gbà á, ó sì rì sí etíkun Massachusetts ní oṣù kẹrin 1717. Wọ́n rí i ní 1984, wọ́n sì rí aago rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Ghana, níwájú ilé olódi Elmina, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọkọ̀ oníṣòwò kan ní 2003. Àwo idẹ àti ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n ń ná bí owó nígbà náà kún inú rẹ̀. Ọjà tí wọ́n fi ń ṣòwò ní etíkun wa nìyẹn.

Èyí tó yẹ kí àwa ará ilé fi ṣe àwòkọ́ṣe ni São José. Ọkọ̀ Potogí ni, ó gbéra láti Mozambique ní 1794 pẹ̀lú àwọn ẹrú tó ju 400 lọ, ó sì fọ́ sórí àpáta ní tòsí Cape Town. Ó ju 200 lọ tó kú nínú wọn. Wọ́n tún ta àwọn tó yè. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi dá ọkọ̀ náà mọ̀ ni àwọn irin wíwúwo tó wà nídìí rẹ̀, tí wọ́n fi ń mú kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin, nítorí ènìyàn kò wúwo tó ẹrù ọjà. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2015, olórí ìbílẹ̀ kan ní Mozambique fi ohun èlò tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ rán erùpẹ̀ ilé, pé kí wọ́n gbé e lọ síbi tí àwọn ọmọ náà kú sí. Àwọn òmùwẹ̀ da erùpẹ̀ náà sínú omi níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 220, ilé dé ọ̀dọ̀ wọn. Kì í ṣe ìjọba ńlá kan ló ronú rẹ̀, ará abúlé ni.

Òfin pẹ̀lú ti wà. Ní oṣù kọkànlá 2001, àjọ UNESCO ṣe àdéhùn láti dáàbò bo ohun ìtàn tó ti wà lábẹ́ omi fún ọdún 100 ó kéré tán. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2005, Benin ní 2011, Tógò tiwa ní 2013. Ohun tí àdéhùn náà ń sọ ni pé àwókù ọkọ̀ kì í ṣe ọjà títà, àti pé ibi tó wà ni kí a ti kọ́kọ́ rò pé kí ó máa wà. Ìlànà náà kò mọ sí inú omi nìkan. A lè lò ó lórí òkè pẹ̀lú.

Iṣẹ́ tó kù sí wa lọ́wọ́

Àwa Agbonou mọ irú ohun tí à ń wí. Ní Kamina, nítòsí wa, àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ tẹligíráàfù aláìlókùn ńlá kan tó ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ tààrà. Ní oṣù kẹjọ 1914, nígbà tí ọ̀tá sún mọ́ tòsí, àwọn tó kọ́ ọ náà ló wó o lóru. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ yóò rí i pé òkúta àti irin tó kù ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí Foster ti sun ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti wó òpó wọn, síbẹ̀ ohun tó kù tó láti fi mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jí irin rẹ̀ tà díẹ̀díẹ̀, àwa náà ni a óò parí iṣẹ́ tí àwọn tó wó o bẹ̀rẹ̀.

Àwókù tó wà lọ́wọ́ wa jù lọ, inú ẹnu àwọn àgbà ló wà. Nínú ìdílé púpọ̀ ní agbègbè Ogou, ẹnì kan wà tí ogun mú lọ tí kò padà. Oríkì kan dárúkọ rẹ̀. Orin kan tí àwọn ìyá ń kọ ní ìgbà òkú dárúkọ ibi tí wọ́n ti mú un. Ihò àpáta kan wà tí wọ́n sá sí. Bí àgbà kan bá kú láìsọ ọ́, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè ju ìró sísàlẹ̀ kí ó mú un padà wá. Igi Clotilda lè dúró nínú ẹrẹ̀ fún ọdún 160. Ìrántí kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ wa ṣe gbé ohun mẹ́rin kalẹ̀ níwájú ìlú.

Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà rẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ní èdè Ifẹ̀ wa gan-an: ta ni ogun mú, níbo ni wọ́n ti mú un, kí ni orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n má fi orúkọ kankan kún un tí àgbà kò pè. Ìtàn tí a bá fi irọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá já irọ́ náà ni òótọ́ inú rẹ̀ yóò bá a lọ.

Èkejì, a bẹ mẹ́ẹ̀rì wa àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́, níbi tí a óò kó àwọn ohùn náà pamọ́ sí, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè wá gbọ́ wọn. Kò gba owó púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ wa mú àwọn ọmọ lọ wo ilé Agbodrafo, kí wọ́n sì mú wọn lọ sí Kamina pẹ̀lú. Ọmọ tó bá ti fi ojú rí i kì í gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin, kí ìlú ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Bantè, kí a jọ mọ ohun tí a lè fi ránṣẹ́ sí Africatown ní orúkọ àwa tí a kù sílé.

Ìdí tí èyí kò fi yẹ kó pẹ́ rèé. Ní 1927, òǹkọ̀wé kan, Zora Neale Hurston, lọ bá Kossola ní Africatown, ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà kò jáde títí di 2018. Nígbà tí obìnrin náà bá a, Abile ti kú, ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú. Ohun tí bàbá arúgbó náà fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òun, bóyá lọ́jọ́ kan ìwé náà yóò dé ilẹ̀ Áfíríkà, wọn yóò pe orúkọ òun, ẹnì kan yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Ó kú ní 1935 láìgbọ́ ìdáhùn.

Wọ́n ti rí ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ẹni tí yóò dá a lóhùn ló kù. Agbègbè wa, láti Atakpamé dé Bantè, ni orúkọ náà ti jáde, ibẹ̀ náà ló yẹ kí ohùn ti jáde.

Ẹ ṣe ọdún láyọ̀. Kí iṣu ó ta, kí ọmọ ó yè, kí ẹni tó lọ àjò ó bá onílé nílé. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àṣẹ.